Ìlú Tí Wọn Kò Fi Adé Kọ́: Ìbàdàn, Àwọn Mapuche, àti Ilẹ̀ Tí Bódìjà Dúró Lé

Ohun tí àwọn tó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìtàn àti àṣà àwọn Mapuche, àwọn ènìyàn kan tó ń gbé ní gúúsù Chile àti Argentina, ní ìsàlẹ̀ pátápátá Amẹ́ríkà ti Gúúsù. N óò sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwa tí a sì jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí, orí ilẹ̀ àwọn ènìyàn kan tí ìtàn wọn sún mọ́ ti Mapuche ju bí a ti rò lọ ni a jókòó sí. Àwọn ará Ìbàdàn ni mo ń wí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Àwọn ènìyàn méjèèjì yìí ṣe ìlú láìsí adé. Nítorí pé agbára wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ogun kò rí wọn gbé ṣe fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ wọn yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé ló gbà á. Àwa tí a ń gbé Ìbàdàn tuntun, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, inú èrè ìwé yẹn ni a ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lágelú, ológun kan láti Ilé-Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, pé ìlú náà tú nítorí àṣírí egúngún tí wọ́n tú síta, àti pé àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín kí wọ́n tó tún sọ̀kalẹ̀. Òkè yẹn ni Òkèbàdàn tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Lọ́jọ́ ọdún náà, wọn kì í dáná, ọjà kì í ná. Abọkẹ̀, baba olórìṣà tó dirun bí obìnrin, ni ń ṣe ètùtù fún gbogbo ìlú. Ẹnu á sì tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ọmọ tálákà lè fi orin bú olówó láti ìta gbangba, olówó náà kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹni tí kò bá mọ Ìbàdàn á rò pé ọ̀rọ̀ àlùfààṣá lásán ni. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Ìlú tó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún fún mẹ̀kúnnù láti la ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ẹni ńlá lójú, ìlú náà ti sọ ohun tó gbà gbọ́ nípa ẹni ńlá.

Ìbàdàn tó wà títí di òní ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ibùdó ogun ni. Òwu ti fọ́, Ọ̀yọ́-Ilé ń tú lọ, àwọn ará Ẹ̀gbá ti sá kúrò ní ọ̀pọ̀ abúlé wọn. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wọ ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó ti dahoro náà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbé adé wá. Máyẹ̀ Okùnadé ti Ifẹ̀ ni olórí ibùdó náà lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ borí, Máyẹ̀ sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni Olúyẹ̀dún, lẹ́yìn náà ni Lákanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni Baṣọ̀run Olúyọ̀lé tó kú ní 1847. Olúyọ̀lé nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára rẹ̀ dáadáa nínú wọn, nítorí ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́ ló fi di olórí. Apá rẹ̀ ni.

Ẹ wo àwọn tó tẹ̀lé e. Balógun Ìbíkúnlé, tí odi ìlú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá, Fẹ́sù lẹ́bàá Ìwó ló ti wá. Ààrẹ Látóòsà, Ìlọrà ló ti wá. Àjèjì ni gbogbo wọn. Nínú ìlú tí wọ́n ti wá, bóyá ni ẹnikẹ́ni nínú wọn ìbá fi di nǹkan kan ju ọmọ agbo ilé lọ, nítorí àwọn ìdílé tó ni oyè ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Wọ́n dé Ìbàdàn, Ìbàdàn bi wọ́n léèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kò bi wọ́n léèrè baba wọn. Ìlú yìí ló dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Òun ló fọ́ Ìjàyè ní 1862. Àwọn tó ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹni tí ogun ti lé kúrò nílé baba wọn.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Ìlà oyè ju ọ̀kan lọ: ti Baálẹ̀, ti Balógun, ti Sẹ̀ríkí, àti ti Ìyálóde fún àwọn obìnrin. Bí ẹnìkan bá kú lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sún sókè, ẹni tuntun á sì wọlé láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ilé kan tó lè sọ pé tèmi ni oyè Baálẹ̀. Bí ológun ńlá bá kú, agbo ilé rẹ̀ á yan mọ́gàjí, ìyẹn olórí tuntun fún ilé náà, mọ́gàjí náà á tún ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù títí di òní nínú ètò náà yà mí lẹ́nu nígbà gbogbo. Ìlà méjì ló kù tó ń lọ sí orí àpèrè Olúbàdàn, bí wọ́n ṣe ń pe Baálẹ̀ báyìí, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, ìpele tó lé ní ogún sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Oyè náà ń yí po láàárín ìlà méjèèjì: bí ẹni tó wà nípò bá ti ìlà Ọ̀tún wá, ẹni tó kàn á ti ìlà Balógun wá. Rashidi Ládọ̀jà gba oyè Jagun nínú ìlà rẹ̀ ní 1993. Ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láàárín 2003 sí 2007, ipò gómìnà náà kò sì gbé e fo ìpele kan ṣoṣo nínú ìlà rẹ̀. Ọdún 2025 ló tó gorí àpèrè Olúbàdàn ní gbọ̀ngàn Mápó. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Ní ilẹ̀ Yorùbá níbi tí ọmọ ọba méjìlá ti lè bá ara wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nítorí àpèrè kan, Ìbàdàn mọ ẹni tó kàn kí ẹni tó wà níbẹ̀ tó lọ.

N kò ní tìtorí ìfẹ́ ìlú pa òtítọ́ mọ́. Ogun ni Ìbàdàn fi jẹun, ẹrú sì ni èrè ogun. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn rán sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe ohun tí ẹnu kò lè sọ tán, ohun tó sì bí ogun Kírìjì ní òpin àwọn ọdún 1870 nìyẹn, nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí ní ó tó gẹ́ẹ́, tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà sì kó ogun Èkìtì Parapọ̀ jọ. Látóòsà kú sí ibùdó ogun náà ní 1885. Bákan náà ni ìwà ìlú tó fẹ́ràn akíkanjú lè di ìwà ìlú tó ń bẹ̀rù akíkanjú. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní oko lọ, ó ní ẹrú, ó ń bá àwọn ológun ṣòwò ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó. Nígbà tó dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, Látóòsà rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún kan náà nínú ilé ara rẹ̀. Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ìkà obìnrin nìkan. Ẹ tún un rò. Obìnrin tó di ẹni tí àwọn ológun ń jẹ lówó, ìlú tó gba irú rẹ̀ láyè láti dé ibẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní ọ̀rúndún yẹn níbikíbi láyé.

Mo wá dé orí àwọn Mapuche báyìí. Ní gúúsù odò Bío-Bío ni ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ igbó, odò àti òkè oníná. Àgbẹ̀ ni wọ́n, darandaran ni wọ́n, ọ̀jáfáfá ni wọ́n nídìí iṣẹ́ fàdákà. Agbo ẹbí kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lonko. Wọn kò ní ọba. Bí ogun bá dé, àwọn agbo náà á péjọ, wọ́n á yan ẹnìkan tí ara rẹ̀ le tí ọgbọ́n rẹ̀ sì pé, òun ni toqui. Bí ogun bá tán, toqui á padà sí oko rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn tó sì ń bá àwọn ẹ̀mí sọ̀rọ̀ fún wọn ni à ń pè ní machi, obìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn, ìlù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kultrun sì ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ya àwòrán ayé sí ojú awọ rẹ̀. Ọdún tuntun wọn bọ́ sí oṣù Òkudù, nígbà tí òru gùn jù lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn Inca tó jọba lé àwọn òkè Andes kò rí wọn mú sábẹ́. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì dé, wọ́n wá ọba tí wọn yóò mú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mú ọba Inca ní Peru. Wọn kò rí i. Ní Tucapel ní 1553, ogun Mapuche pa Pedro de Valdivia, gómìnà Chile fúnra rẹ̀. Ẹni tó darí ogun náà ni Lautaro, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Valdivia, tó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀, tó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹṣin a máa rẹ̀, pé òyìnbó a máa kú. Wọ́n pa Lautaro ní 1557, ṣùgbọ́n wọ́n yan ẹlòmíràn. Ní 1598 ní Curalaba, wọ́n tún pa gómìnà kejì. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ìlú tí àwọn ará Sípéènì tẹ̀ dó sí ìhà gúúsù Bío-Bío ló tú. Ní 1641, ní Quilín, Sípéènì jókòó bá wọn ṣe àdéhùn, ó sì gbà pé odò náà ni ààlà. Kò pọ̀ nínú àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà tí ìjọba Sípéènì bá ṣe irú rẹ̀. Ó lé ní igba ọdún tí ààlà yẹn fi wúlò.

Sípéènì kọ́ ló gba ilẹ̀ náà níkẹyìn. Chile tó ti gba òmìnira, tó ń fi orúkọ Lautaro yangàn nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀, ló gbà á. Láti 1861 ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé olódi, wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n tẹ ìlú Temuco dó ní 1881, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1883. Ní apá kejì òkè Andes, Argentina ń ṣe ohun kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Ìjọba Chile pín nǹkan bíi 3,000 ìwé ilẹ̀ fún àwọn agbo ẹbí Mapuche láàárín 1884 sí 1929, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 500,000 hẹ́kítà lọ, ìdá kan nínú ogún tàbí díẹ̀ sí i nínú ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Ìyókù di ti àwọn tó wá láti Yúróòpù àti láti àríwá Chile. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn Mapuche ṣì ń bá ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ onígi fa ilẹ̀ yẹn di òní. Nínú ìkànìyàn 2017, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn ní Chile tó sọ pé Mapuche ni àwọn. Ní 2021, obìnrin Mapuche kan, Elisa Loncón, onímọ̀ èdè, ni wọ́n yàn ṣe alága àpéjọ tó fẹ́ kọ òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè náà. Èdè rẹ̀ ló sì fi kí ilé. Àwọn olùdìbò kọ òfin náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ènìyàn yẹn ti tán.

Ẹ ṣe ìṣirò ọdún náà pẹ̀lú mi. Ní 1883 tí Chile parí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Ìbàdàn wà ní ibùdó Kírìjì. Ọdún mẹ́wàá péré ló kù kí ó kan àwọn náà.

Ní oṣù Èbìbí 1892, ní Ìmàgbọn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lójú ọ̀sán. Ìbàdàn gbọ́. Àwọn olóyè tó ti lo gbogbo ayé wọn lójú ogun mọ ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó dé lọ́dún tó tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé àdéhùn, tí Aláàfin ti fọwọ́ sí tirẹ̀, àwọn olóyè Ìbàdàn kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Wọ́n rí i pé àṣẹ wọn lórí ilé àti ẹrú wọn lè bọ́, wọ́n sì rí i pé ẹni tí wọn yóò fi sáàárín wọn kò ní jẹ́ àlejò lásán. Ọjọ́ 15 oṣù Ògún 1893 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i níwájú Denton, tó ń ṣe adelé fún gómìnà. Orúkọ Baálẹ̀ Fíjàbí ló ṣíwájú. Àdéhùn náà gbà kí òyìnbó àti àwọn ọmọ ogun Haúsá ti Èkó wá jókòó sí Ìbàdàn, kí ìlú fún wọn nílẹ̀, kí ìlú sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí rélùwéè bá ń bọ̀. Kí ọdún náà tó parí, Captain Bower, òyìnbó tí àdéhùn náà ń wí, ti dé. Ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Àrẹ̀mọ, tí wọ́n kọ́ ní 1936, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Láyípo. Ìbọn kan kò dún láàárín Ìbàdàn àti Gẹ̀ẹ́sì. Bíríkì tó ga jù nínú ìlú àtijọ́, orúkọ ẹni tí wọn kò bá jà rí ló wà lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ojúlé wa nìyí, n óò sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìgbà odi Ìbíkúnlé, ìlú ni ibi tí o ń sùn, oko ni ibi tí o ń jẹun. Kò sí ará Ìbàdàn gidi tí kò ní méjèèjì. Ilé wà ní Ọjà'ba tàbí Ìdí Arẹ̀rẹ̀ tàbí Kúdẹtì, abúlé wà lóko. Ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ òkú, ọjọ́ ọdún, wọ́n á wọ ìlú. Ọjọ́ iṣẹ́, ìlú á dá. Ilẹ̀ oko yẹn, ológun àkọ́kọ́ tó gbà á ló fi sílẹ̀ fún agbo ilé rẹ̀. Ti gbogbo ẹbí ni, àti òkú àti alààyè àti ẹni tí a kò tíì bí. Ẹnìkan kò lè tà á. Àlejò lè bẹ̀bẹ̀, wọ́n á fún un níbi tí yóò ti ṣiṣẹ́, á máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Ní ọ̀nà yìí ni Ìbàdàn ń gbà gba àjèjì láìfi ilẹ̀ ṣòfò.

Rélùwéè dé ní 1901. Ibi tó gúnlẹ̀ sí, etí ìlú ni, ní apá Dùgbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tọ̀ ọ́ wá, àwọn ará Lẹ́bánónì tọ̀ wọ́n wá, Gbági kún. Kòkó oko Ìbàdàn ń jáde lójú irin, aṣọ àti irin ń wọlé. Ní 1916 ni wọ́n ya Ṣàbó sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá. Ojú ìlú yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn ìlú sì di Mápó. Nígbà tó di 1965 tí Ilé Kòkó (Cocoa House) parí ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àgbẹ̀ tó gbin kòkó náà kò ní yàrá kan nínú rẹ̀.

Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, lẹ́yìn náà ló kó lọ sí ibi tó wà báyìí, ilẹ̀ tó jẹ́ oko àwọn ìdílé Ìbàdàn. Agbowó tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, abúlé oko ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ lónìí títí wọ́n fi ń sùn mẹ́rin-mẹ́rin nínú yàrá. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ìkọ́lé rẹ̀ sílẹ̀, Bódìjà sì ni ẹ̀sìtéètì àkọ́kọ́ tó kọ́: títì gbọọrọ, igi lẹ́bàá títì, ilé tí ọgbà yí ká, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó. Ní apá kejì, wọ́n la Ring Road, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré Liberty sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1960. Challenge gba orúkọ lọ́wọ́ ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì SIM tó wà níbẹ̀. Ìlú dára. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá má kàwé, ì bá má rí iṣẹ́, bí kò bá sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń lọ. Ìjọba ní ire gbogbo ènìyàn ni òun fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n na okùn, wọ́n ri òkúta. Wọ́n san owó gbà-má-bínú kan, ti igi kòkó, ti igi ọ̀pẹ, ti ilé amọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó tẹ̀ka sí ìwé kò lè kà á. Owó náà tán. Ilẹ̀ tó yẹ kí ọmọ ọmọ jogún ti di ti ẹlòmíràn tó ní ìwé. Lẹ́yìn náà, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ó sì di pé ẹni tí baba ńlá rẹ̀ pa igbó ibẹ̀ ni yóò lọ tọrọ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ (C of O) ní Àgódì, bí ẹni tó dé láná.

Mo mọ̀ pé orúkọ tí à ń pe àwọn ọmọ onílẹ̀ báyìí kò dára. Ẹni tó bá ń kọ́lé ní ẹ̀yìn Àkóbọ̀ tàbí Ológunẹrù ti rí wọn: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé, ìhàlẹ̀, nígbà mìíràn ìjà tó la ẹ̀mí lọ. Jàgídíjàgan kò dára, òfin sì gbọ́dọ̀ mú ẹni tó bá ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá, kí ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko bàbá bàbá wọn ní àwọn ọdún 1950. Ọmọ náà rí ilé aláràbarà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pe orúkọ ẹbí rẹ̀ mọ́, òun sì ń gbé yàrá kan ní Bẹẹrẹ. Ó kọ́ pé ẹni tó bá tètè tà á ló jàǹfààní. Mo rò pé ohun kan náà ni ọ̀dọ́ Mapuche tó dúró lẹ́yìn wáyà ilé iṣẹ́ onígi ń rò. Wọ́n yàtọ̀ níbì kan, ibẹ̀ sì ṣe pàtàkì: àwọn Mapuche mọ orúkọ gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pè é, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tiwa ń gbàgbé.

Ìgbà kan wà tí oko dìde sí ìlú. Ní oṣù Bélú 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ dé Mápó láti àwọn abúlé Ìbàdàn nítorí owó orí. Owó kòkó ti wálẹ̀, kòkòrò ń jẹ igi, àwọn agbowó orí ń wọ abúlé pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n ń bọ́ aṣọ bàbá níwájú ọmọ. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn. Ohun tí wọ́n ní àwọn yóò san ni òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, kò gbọdọ̀ lé kan. Táfà Adéoyè láti Àkáǹrán ni orúkọ rẹ̀ kàn jù nínú àwọn aṣáájú wọn, Fọlárìn Ìdòwú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1969 wọ́n ya wọ ẹ̀wọ̀n Àgódì, wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Ìjọba ológun Adéyínká Adébáyọ̀ rán sójà, kò rí wọn ṣẹ́gun nínú igbó tí wọ́n bí wọn sí. Níkẹyìn ìjọba jókòó, Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, wọ́n yan aṣáájú nígbà ìjà, kò sí orí kan ṣoṣo tí ìjọba lè gé kí ara kú. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn ìgbà Ìbíkúnlé kò ní yà á lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ̀ nípa toqui pàápàá, kò ní yà á lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n sọ Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní 1936, orúkọ nìkan ló yí, àkàbà oyè kò yí. Nígbà tí adé ìlẹ̀kẹ̀ dé, bákan náà. Ṣùgbọ́n ní 2017 ìjọba ìpínlẹ̀ dé àwọn olóyè àti baálẹ̀ mọ́kànlélógún ládé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ó sì ya ìlú sí méjì fún ọdún mélòó kan. Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tí irú adé olóyè bẹ́ẹ̀ lè fi kún ètò tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ọgọ́rin tó ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Bí ilé kan bá ti lè pe adé ní tirẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ilé náà yóò ní òun kò tún ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rò pé mo ṣàṣejù, kí ó wo àwọn ìlú tó yí wa ká.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé Bódìjà, Agbowó àti Ring Road kò le. Orúkọ Lágelú, Olúyọ̀lé àti Akínyẹlé ṣì wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá Ìbàdàn, ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn oko tó wà lábẹ́ ilé yín ńkọ́? Ìdílé wo ló ń ro ibi tí Awólọ́wọ̀ Avenue gbà kọjá? Odò wo ló ṣàn níbi tí wọ́n ti la gọ́tà yẹn, kí ni wọ́n ń pè é? Àwọn àgbà tó rìn dé oko yẹn pẹ̀lú bàbá wọn ṣì wà láàyè ní Bẹẹrẹ, ní Òjé, ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Yunifásítì wà lẹ́yìn ìta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn. Kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan san owó mọ́tò àti owó ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún kan. Kí wọ́n lọ bá àwọn mọ́gàjí, kí wọ́n gba orúkọ oko, orúkọ odò, orúkọ ẹbí, iye tí ìjọba san, ẹni tó tẹ̀ka. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé yunifásítì, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ ẹbí, kí ẹ kọ orúkọ oko náà sára pátákó títì yín lábẹ́ orúkọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ní gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ọkàn onílé kankan balẹ̀.

Mo rí mọ́gàjí mẹ́ta ní ìlà iwájú níbí, mo sì mọ̀ pé oko ẹbí ẹnìkan nínú wọn kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. Alága, kí ẹ tó gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fún bàbá náà ní makirofóònù, kí a sì rí ẹni kan tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀.